Láílọ́ọ̀nù Kan Lórí Odò Ọya

Mẹ́káníìkì ni mí. Kì í ṣe ti ọkọ̀ ojú omi o, nítorí odò wo ló wà ní Ọ̀mù-Àrán tí èèyàn fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì lé? Jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ tó ń fa omi sóko, ọ̀kadà tí kò bá fẹ́ jí láàárọ̀, iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe é. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ dé ìta ṣọ́ọ̀bù mi, tí ẹ fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo lè jókòó sídìí oúnjẹ mi kí n sọ fún yín pé epo ni kò dé ibi tó yẹ kó dé, tàbí pé púlọ́ọ̀gì ni kò tanná. Àwọn oníbàárà mi máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní etí mi ló ń tún ẹ̀rọ ṣe, pé ọwọ́ mi kàn ń tẹ̀lé e ni. Mo fẹ́ràn ìyìn yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú èèyàn tó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ mí di mẹ́káníìkì. Ìyá wa kú nígbà tí n kò tíì lè dá ṣòkòtò wọ̀. Bàbá wa sì rèé, oko iṣu rẹ̀ tó wà lẹ́yìn Èsìẹ́ ló mọ̀, ibẹ̀ ló ń wà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wẹ̀ fún mi, òun ló ń nà mí, òun náà ló ń pa oúnjẹ mọ́ dè mí. Nígbà tí mo ní n kò lọ sílé ìwé mọ́, pé ẹ̀rọ ni mo fẹ́ kọ́, bàbá wa ní òun kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jiyàn. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí Òrò, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ọ̀gá náà wò wá, ó ní, "Ta ni yóò dúró fún un?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi." Ọ̀gá ní, "Ìwọ kẹ̀? Àwọn àgbà ilé yín dà?" Ó ní, "Èmi náà ni, sà." Kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà. Ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ gàrí ti bó ló fi tẹ̀wé fún mi.

Lẹ́yìn náà ló lọ sílé ọkọ. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa, ará apá Share, tó ń sọ Yorùbá tó sì ń sọ Núpé bí ẹni ń mumi. Ilẹ̀ ìrẹsì rẹ̀ wà ní òdì kejì Odò Ọya, ibẹ̀ ni wọ́n sì kó lọ. Àwọn ẹbí wa fárígá. Wọ́n ní ta ni yóò máa gba orí omi lọ kí i? Mo ní èmi ni, mo ní kò sí Iléyá tí n kò ní lọ. Mo lọ fún ọdún mélòó kan lóòótọ́. Nígbà tó yá, iṣẹ́ pọ̀, epo wọ́n, ọ̀nà bàjẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rù omi ń bà mí, n kì í sì í sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi máa kú, ó ti pé ọdún mẹ́ta gbáko tí mo ti fojú kàn án kẹ́yìn. Lórí fóònù la ti ń rí ara wa, bí a bá lè pe ìyẹn ní rírí.

Ìgbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ó ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bí ojú rẹ ṣe rí." Mo ní kó dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí omi lè fà díẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù omi ló ń bà ọ́, má parọ́ fún mi. Kò burú. Bí mo bá kú, n ó ní kí wọ́n má bò mí lójú títí wà á fi dé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yé sọ ìsọkúsọ," ni mo wí. A jọ rẹ́rìn-ín, káàdì mi sì tán.

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn tí fóònù mi dún láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe kírun àárọ̀ tán. Ọkọ rẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ kí mi, ó béèrè àwọn ará ilé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti mọ̀. Ó ní, "Àna mi, ẹ̀gbọ́n yín ti lọ o. Ní ìdájí ni." Ó ní lẹ́yìn ìrun Àyìlà ni wọn yóò sin ín, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀sìn wa kì í fi òkú pamọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi nìkan ni mo kù nínú àwọn tí ìyá kan náà bí, kó bá mi bẹ lémọ́mù kí wọ́n jẹ́ kí n fojú kàn án kí wọ́n tó gbé e wọlẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó padà pè mí. Lémọ́mù ti gbà pé àwọn yóò dúró di Alaasárì. Tí wọ́n bá ti wá kírun Alaasárì tán, kò sí ẹni tó tún lè dúró.

N kò mọ ohun tí mo rí lọ́nà láti Ọ̀mù-Àrán dé Share. Ní Share mo gun ọ̀kadà, ó gbé mi gba inú ẹrẹ̀ títí a fi dé etí odò. Oṣù tí òjò ń rọ̀ gan-an ni. Odò Ọya ti kún dé ìdí àwọn igi tó wà ní èbúté, omi rẹ̀ pọ́n, ó sì ń sáré. Ó ti kọjá aago kan díẹ̀. Abúlé ẹ̀gbọ́n mi wà ní apá òkè odò, ìrìn bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ ni bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe dáadáa. Mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé n ó dé kí Alaasárì tó tó, ààyè á tiẹ̀ tún ṣẹ́ kù.

Ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, bàbá Núpé kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, tínrín, pẹ̀lú fìlà funfun. Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n ó yé èèyàn. Mo sọ ohun tó gbé mi wá fún un. Ó mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun lòun máa ń gbé e pẹ̀lú àpò gàrí rẹ̀ lọ sọ́jà. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ṣàdúà fún un, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo ní kó má dúró de èrò kankan, kó gbé èmi nìkan. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n kírun Àyìlà kíá, ká tó bọ́ sórí omi." Èmi arìnrìn-àjò ti ní n ó pa ìrun mi pọ̀ tí mo bá débẹ̀. Mo bá wọ ọkọ̀ lọ jókòó.

Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí táńkì epo. Ike pupa ni, ó wà lábẹ́ pákó ìjókòó ẹ̀yìn, rọ́bà kan sì ti ara rẹ̀ lọ sí ẹ́ńjìnnì. Láàárín rọ́bà náà ni bọ́ọ̀lù kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ fún kí epo lè lọ. Ìdérí táńkì náà ní ihò bíńtín kan lórí. Ìdè kékeré kan bíi síkúrù ló yẹ kó wà níbẹ̀, ó jọ pé ó ti sọnù tipẹ́. Bí omi bá ti mi ọkọ̀, epo á ta síta láti inú ihò yẹn, ó ti ṣe pákó ìsàlẹ̀ ní àbàwọ́n. Inú bí mi. Epo tí gbogbo ayé ń fi ojú egbò tẹlẹ̀ wá, ni bàbá yìí ń dà sódò!

Ẹni tó bá wá láti ọ̀dọ̀ wa yóò mọ ohun tí mo ṣe. Kò sí kẹ́ẹ̀gì epo kan ní gbogbo Ìgbómìnà tí a kì í fi láílọ́ọ̀nù sábẹ́ ìdérí rẹ̀. Ẹ ó ṣẹ́ ẹ po, ẹ ó tẹ́ ẹ sẹ́nu kẹ́ẹ̀gì, ẹ ó wá fi ìdérí lọ́ ọ mọ́lẹ̀ dan-in dan-in. Ọ̀kadà lè gbé kẹ́ẹ̀gì ní ìdùbúlẹ̀ láti Ọ̀mù-Àrán dé Òkè-Onígbìn, kí ó máa bọ́ sínú kòtò kan, kó máa jáde nínú òmíràn, ẹ̀kán kan kò ní jò. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi inú ọ̀rá kan tán ni. Mo ya ọ̀rá náà, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì, mo fi sẹ́nu táńkì, mo sì fi gbogbo agbára ọwọ́ mi lọ́ ìdérí lé e. Epo kò ta mọ́. Bàbá náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ ní etí omi, kò rí mi. Mo rò pé mo ṣe é lóore.

A gbéra. Ẹ́ńjìnnì kékeré náà ń kọrin, omi ń pín síwájú wa. Mo di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ń ronú ohun tí n ó sọ sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó má bínú. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi àwáwí bò.

A lọ tó bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ́ńjìnnì tó gbóhùn sókè, ó húkọ́, ó kú.

Odò tó kún kì í ní sùúrù. Kí bàbá náà tó na ọwọ́ mú okùn, ọkọ̀ ti yí imú padà, omi ti ń gbé wa lọ sí ibi tí a ti ń bọ̀. Bàbá fún bọ́ọ̀lù rọ́bà, ó fa okùn, ẹ́ńjìnnì sọ gbà gbà gbà, ó tún kú. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe báyìí."

Mo ní, "Epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mẹ́káníìkì ni mí, Bàbá. Ẹ sún."

Ó sún. Ó mú àjẹ̀ rẹ̀, ó lọ síwájú ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wà wá sí ẹ̀bá ibi tí koríko pọ̀ kí omi má baà gbé wa jìnnà.

Epo tí kò dé ẹ̀rọ, kò lè ju ohun mélòó kan lọ tó ń fà á. Bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nìyẹn: bẹ̀rẹ̀ láti orísun, tẹ̀ lé e títí dé ibi tó ń lọ. Mo kọ́kọ́ fura pé omi wà nínú epo, nítorí epo inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, Ọlọ́run ló mọ ohun tí wọ́n ń bù sí i. Mo ṣí táńkì, mo bu díẹ̀ sínú ìgò, mo gbé e sójú oòrùn. Ó mọ́ gaara, kò sí omi nídìí rẹ̀. Mo fa rọ́bà yọ, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ títí ọ̀fun mi fi ń ta. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo tún tẹ́ láílọ́ọ̀nù mi síbẹ̀, mo lọ́ ìdérí mọ́lẹ̀. Mo fún bọ́ọ̀lù, mo fa okùn, ẹ́ńjìnnì sì jí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá," ni bàbá náà wí. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ẹní ní òkú, inú mi sì dùn nítorí pé ẹ́ńjìnnì jí.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún míì, ó tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí mo wo bọ́ọ̀lù rọ́bà náà, mo rí i pé ó ti rí pẹlẹbẹ, ó lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ mi bá rí irú ìyẹn tí kò mọ ohun tó ń ṣe é, n ó gbá a létí. Ẹ́ńjìnnì ń fa epo, epo fẹ́ wá, ohun kan ló dì í mú lẹ́yìn. Èmi ní asẹ́ tó wà nídìí táńkì ló ti dí. Mo tún ṣí táńkì, mo fa asẹ́ jáde, mo fi etí ẹ̀wù mi nù ún. Ìdọ̀tí orí rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pinnu ohun tó fẹ́ rí, díẹ̀ ti tó o. Mo tún dí i padà bí mo ṣe dí i tẹ́lẹ̀. Ó jí. Mo ní, "Asẹ́ ni."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣí táńkì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ́ńjìnnì jí. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ṣíṣí tí mo ṣí i ló tún un ṣe.

Nígbà tó kú lẹ́ẹ̀kẹta, oòrùn ti yẹ̀. Bàbá náà gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wo ẹnu táńkì."

Mo dáhùn láì wo ojú rẹ̀. "Bàbá, ọdún mélòó lẹ fi kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì?"

Ó ní òun kò kọ́ ọ rí.

"Ẹ dákun, ẹ mú àjẹ̀ yín."

Ó mú un. Ọkùnrin tó jù mí lọ ní ọdún tó tó mẹ́wàá, tó ti ń gbé ẹ́ńjìnnì yẹn kọjá odò láti ìgbà tí n kò mọ̀ ọ́n, ló dákẹ́ nítorí pé mo pe ara mi ní mẹ́káníìkì, àti nítorí pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí. Mo yọ sípánà kékeré tó máa ń wà nínú àpò mi. Mo tú kábúrétọ̀. Inú agolo kékeré tí epo máa ń dúró sí gbẹ táútáú. Ìyẹn tún sọ ohun kan náà fún mi, pé epo kò dé. N kò gbọ́. Mo ń mú àwọn ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fẹ́ wọn. Ìdè kan bọ́, ó yí wọ abẹ́ pákó, mo sì dojú bolẹ̀ nínú omi àti epo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, mo ń fi ìka wá a. Mo ń ké mọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Mo ń bú u. Mo bú odò, mo bú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tó gbé e kọjá omi. Ìgbà tí mo fi rí ìdè náà, mo ti ń sunkún, n kò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Mo gbójú sókè. Bàbá náà ti so ọkọ̀ mọ́ ìdí koríko, ó ti bu omi odò ṣe àlùwàlá, ó ń kírun ní ìjókòó. Ìrun Alaasárì ni. Mo wo bó ṣe ń tẹ orí ba díẹ̀díẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń mì, mo sì mọ̀ pé lémọ́mù náà wà níwájú ẹ̀gbọ́n mi lákòókò yẹn.

Nígbà tó sálámà tán, ó rìn wá sẹ́yìn ọkọ̀. Ó tẹ̀ síbi táńkì, ó fọwọ́ kan ara rẹ̀. Ikùn táńkì náà ti rì wọnú. Èmi tí mo ń tú irin kéékèèké kò fiyè sí i. Ó yí ìdérí. Táńkì náà mí, ó fa atẹ́gùn sínú híì gígùn kan, ikùn rẹ̀ sì ta jáde pẹ̀lú ariwo. Bàbá náà rí láílọ́ọ̀nù mi. Ó mú un, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi sápò, ó sì dé táńkì padà láìfi nǹkan kan sí i. Mo to kábúrétọ̀ padà. Ó fa okùn. Láti ibẹ̀ títí dé abúlé ẹ̀gbọ́n mi, ẹ́ńjìnnì náà kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ihò orí ìdérí yẹn ni táńkì fi ń mí, láílọ́ọ̀nù mi ló dí i. Ibi tí epo bá ti jáde, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. N kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo nílò rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a gúnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń bọ̀ láti ibi isà pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún mi. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbá mi mọ́ra, a sì sunkún bí ọmọdé. Obìnrin kan nínú àwọn tó wẹ̀ ẹ́ wá bá mi. Ó ní, "A kò bò ó lójú o. Ó ti sọ fún wa. A ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ kírun sí i lára. Lémọ́mù ló ní ó tó." Ó ní ojú rẹ̀ tutù, ó dà bí ẹni tó ń sùn. Ó rò pé òun ń tù mí nínú.

Wọ́n mú mi lọ síbi tó wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì rọ̀, ipa ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ pa ipa ẹsẹ̀ náà rẹ́.

Bàbá ọlọ́kọ̀ tẹ̀ lé wa wá síbẹ̀ láti kí wọn kú ọ̀fọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì ló kọ́kọ́ rí i. Èyí àgbà ní, "Ìwọ lo gbé àbúrò ìyá wa? Wọ́n ní aago kan làwọn ti wà létí omi, aago mélòó rèé?" Àbúrò rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì burúkú ló ń gbé kiri, pé ó ti fi ohun tí ìyá àwọn bẹ̀bẹ̀ fún dù ú. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n ń sọ ọ́ ní Núpé. Bàbá náà dúró. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ìwò ìbínú, ó kàn ń dúró dè mí ni. Láílọ́ọ̀nù náà wà lápò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ.

Mo wo ilẹ̀.

Bàbá náà yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ má bínú. Ẹ́ńjìnnì mi ti gbó." Ó ṣàdúà fún òkú, ó sì padà sí etí omi.

Mo dúró lọ́dọ̀ wọn títí di fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ sí etí odò, mo rí bàbá náà nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣófo. Àwọn obìnrin tó ń lọ ọjà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Gbogbo abúlé ti ní àwọn kò wọ̀ ọ́ mọ́. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," n kò sì mọ bí n ó ṣe parí rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, a kì í bá a ṣẹjọ́." Ó bi mí bóyá mo ti ń rí oúnjẹ jẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo padà sílé, mo ń sọ fún ara mi pé n ó sọ ọ́ ní ọjọ́ fìdáù, níṣojú gbogbo wọn.

Ọjọ́ náà pé. Ilé kún, wọ́n tẹ́ ẹní dé ìta. Lémọ́mù wàásù lórí ìdáríjì. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òkú sùn pẹ̀lú ìjà àwọn alààyè, pé òun gbọ́ bí a ṣe ń ṣe sí ọlọ́kọ̀ yẹn, kò sì dára. Ó ní ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ dárí jì í ni àbúrò olóògbé, ẹni tí bàbá náà kò jẹ́ kó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ń wò mí. Ààyè rèé, ẹlòmíràn ti là á sílẹ̀ fún mi, kí n ṣáà wọ inú rẹ̀ ni.

Mo dìde. Mo ní mo ti dárí jì í. Gbogbo ilé ṣe àmín, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sì di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.